Ọjọ́ Tí Mo Pe Màmá Mi Ní Àǹtí

Láàárọ̀ yìí, àjàrà ń bà jẹ́ nínú páálí níwájú ṣọ́ọ̀bù kan ní Becontree, nílùú London. Bí mo ṣe gbọ́ òórùn kíkan yẹn, ìka mi bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí.

Mo kéré gan-an nígbà tí màmá mi mú mi wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ìlú kan tí wọ́n ti ń ṣọdún ìkórè àjàrà. Mo rò pé ọdún la lọ jẹ. Ẹ̀yìn àgọ́ la lọ, níbi tí wọ́n ti gba màmá mi láti máa fọ ife wáìnì.

Màmá mi ní, "Ọ̀gá ò fẹ́ ọmọdé níbí. Tó bá bi ẹ́, sọ pé màmá ẹ ń jẹ ọdún níta. Àǹtí ni kó o máa pè mí."

"Àǹtí kí ni?"

"Àǹtí Fọfe!"

Mo rẹ́rìn-ín. Àwọn òyìnbó ń jó, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì. Agbọ́n ń kùn lórí èèpo àjàrà. Ọ̀kan ta mí níka.

"Àǹtí! Àǹtí o!"

Ọ̀gá dúró ti màmá mi. Màmá mi ò gbójú sókè. Ife ni wọ́n ń fọ̀.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé kò sí ẹni tí wọ́n lè fi mí sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa padà sí Barking, mo bi wọ́n pé, "Ṣé mo lè pè yín ní Màmi báyìí?"

Wọ́n fi ìka mi sẹ́nu, wọ́n ń fa oró agbọ́n tí kò tilẹ̀ dùn mí mọ́.