Orúkọ Tí Tíṣà Olúbíyìí Kò Fẹ́ Pè

Mi ò fẹ́ràn Tíṣà Olúbíyìí, mi ò sì ní purọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Abúlé wa lẹ́yìn Mọ́níyà ni wọ́n ti bí i. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ìyá rẹ̀, ọlọ́ṣun pọ́ńbélé, ń rù lọ sí ọjà Ṣáṣá ló fi kàwé. Ọ̀ṣunbíyìí ni wọ́n sọ ọ́. Ìgbà tó ti kọ́lẹ́ẹ̀jì dé ló sọ ara rẹ̀ di Olúbíyìí, ó wá ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní Gẹ̀ẹ́sì.

Lọ́jọ́ kan, ó kọ "give up" sójú pátákó. Ó ní ẹni tó jáwọ́ nínú sìgá, "give up" ló ṣe yẹn. Ẹni tí nǹkan sú, tí ò gbìyànjú mọ́, òun náà ti "give up". Ẹni tó dìde fún àgbàlagbà nínú ọkọ̀, ó "give up" ìjókòó rẹ̀. Ló bá nawọ́ sí Ọ̀ṣunfúnmi, ọmọ mi: "Ìwọ náà, give up orúkọ òrìṣà yẹn. Olúfúnmi ni mo máa máa pè ọ́."

Ẹ gbọ́ nǹkan! Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ta ló fi tiẹ̀ lọ̀ ọ́?

Ọmọ mi ò jẹ́ Olúfúnmi. Bí tíṣà bá fi pè é nígbà tó ń pe orúkọ láàárọ̀, á dákẹ́. Tíṣà á kọ ọ́ sínú ìwé pé kò wá sílé ìwé. Ó ní bó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, kò ní ṣe ìdánwò oníwèé mẹ́wàá. Mo lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n lọ máa bá odò sọ̀rọ̀. Inú bí mi.

Mo bá gba ilé ìyá rẹ̀ lọ. Mo rò fún wọn. Ìyá wọ bàtà, ó di ilé ìwé. Wọ́n dúró lójú fèrèsé kíláàsì rẹ̀, wọ́n ké: "Ọ̀ṣunbíyìí!"

"Mà!" Ó ti dọ̀bálẹ̀ kó tó rántí pé àwọn ọmọ ń wo òun.

"Èmi tí mo tọrọ rẹ lọ́wọ́ Ọ̀ṣun ṣì wà láyé. Pe ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ rẹ̀."

Ó dìde, ó gbọn eruku ṣòkòtò rẹ̀, ó wolẹ̀. "Ọ̀ṣunfúnmi."

"Present, sà!" Àwọn ọlọ́kadà ojú títì gbọ́ ọ.

Títí dòní, bí a bá pàdé lọ́nà, kì í wò mí. Èmi náà ò wò ó. Kò kàn mí. Kó ṣáà ti pe orúkọ ọmọ mi pé.