Ọjọ́ Mẹ́rin La Fi Wá Làmídì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n sọ ohun tójú mi rí nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, tí mo padà sí Ìwó. Ìyàwó mi ti kú, àwọn ọmọ ti fọ́n ká. Ilé baba mi ṣófo, àfi èmi àti rédíò!

Èmi àti Làmídì, ọmọ àdúgbò wa, jọ kọ́ṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ológun lókè òkun nígbà ogun àgbáyé kejì. Òun ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wà á, èmi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi máàpù júwe ọ̀nà. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré! Àwa méjì péré là ń sọ Yorùbá níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó fò lọ sórí òkun fún ìdánrawò, kò padà. Ọjọ́ mẹ́rin la fi fò káàkiri tí à ń wo omi. A ò rí àfọ́kù kan. Lọ́jọ́ karùn-ún, ọ̀gá wa ní ó tó, kí a padà sẹ́nu ẹ̀kọ́.

Ta ni yóò kọ̀wé sí ìyá rẹ̀? Èmi náà ni. Ṣé ẹ mọ̀ pé nílẹ̀ wa, a kì í ṣàdédé túfọ̀ ọmọ fún ìyá. Díẹ̀díẹ̀ là ń sọ ọ́. Mo bá kọ ọ́ pé a ṣì ń wá a. Mo ní màá kọ ìyókù tó bá yá. N kò kọ ọ́ mọ́. Ojú tì mí. Nígbà tí ogun parí, Kánò ni mo fìdí kalẹ̀ sí. Tí mo bá wálé fún ọjọ́ méjì, ẹ̀yìnkùlé ni mò ń gbà, kí Ìyá Làmídì má baà rí mi. Ogójì ọdún!

Iléyá ọdún tí mo padà dé, kò síbi tí mo lè sá sí mọ́. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún un. Àwọn ará ilé sọ fún mi pé wọn ò tíì ṣe fídáù fún Làmídì, Ìyá ò gbà. Ìwé ìjọba pé ó ti kú ti dé tipẹ́, àmọ́ lẹ́tà tèmi ló gbà gbọ́. Lọ́dọọdún, ó máa ń yọ ìpín Làmídì sọ́tọ̀ nínú ẹran Iléyá, á yan án gbẹ, á máa retí.

Ó di ọwọ́ mi mú, ó bi mí pé, "Ṣé ẹ ṣì ń wá a?"

Mo sunkún. Mo jẹ́wọ́ fún un pé ọjọ́ mẹ́rin péré la fi wá a.

Ó ní, "Ó wá jẹ́ pé èmi nìkan ni mo ń wá a látọjọ́ yìí."

"Ẹ̀yin nìkan ni, Ìyá."

Kò ṣépè, kò bú mi. Ó ní kí wọ́n lọ pe àfáà. Lẹ́yìn fídáù, ó gbé ìpín Làmídì síwájú mi, ó ní kí n jẹ ẹ́. Mo jẹ ẹ́.

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: kí ọmọ ẹni kú yá ju kó nù lọ. Àánú ni mo pe irọ́ mi, ìyà ni mo fi jẹ ìyá ọlọ́mọ. Ṣé ẹ̀yin náà ti fi òótọ́ pamọ́ fún ẹni tó ń retí rí? Ẹ kọ tiyín sí mi. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ lọ sọ ọ́ fún ẹni tó ni ín.