Ìjàpá Eléwé Tí Mò Ń Fi Pamọ́

Bí mo bá pàdánù géèmù ẹranko orí fóònù lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi lórí àpáta ẹ̀yìn ilé wa ní Dassa, kò ní mú mi lọ díje ní Parakou.

Ẹranko mẹ́ta ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní. Ọ̀kan ń jà, a sì lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí bíi ti ọjọ́ èsì ìdánwò. Kí iná ẹranko ẹ̀gbọ́n mi má baà jó ìjàpá eléwé mi, ẹyẹ oníná ni mo fi ń rọ́pò rẹ̀ ṣáá. Omi tó ń pa iná ni ẹ̀gbọ́n mi wá ń dà lé ẹyẹ náà.

“Àbúrò, mo ti mọ ibi tí o ń sá sí.”

Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò fi ẹyẹ rọ́pò ìjàpá mọ́. Omi dé, kò ṣe é ní nǹkan, nítorí ewé ń mu omi. Ìjàpá borí.

“Ó dáa, a jọ ń lọ.”

Ẹ̀rù Parakou wá bẹ̀rẹ̀.