Ẹnu Ọ̀nà Tí Kò Ní Màrìwò

Ọjọ́ Sátidé ni, aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ku díẹ̀, nígbà tí a jáde nílé. Wákàtí náà dá mi lójú nítorí pé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló béèrè rẹ̀, mo sì yọ aago àpò mi wò kí n tó dá a lóhùn.

Ẹ̀gbọ́n mi ti pẹ́ ní Èkó. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní èbúté, níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù ọkọ̀ òkun. Rélùwéè ló gbé e wá kí wa, òun àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí kò tíì máa rìn. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni, mo ń retí ibi tí ìjọ yóò rán mi lọ. Láti ọjọ́ tí ó ti dé ló ti ń fi ìlú wa ṣe yẹ̀yẹ́.

"Tíṣà, Èkó ní òkun, ó ní ọ̀sà, ó ní ọkọ̀ tó ga ju ilé lọ. Kí ni Ìbàdàn ní?"

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká rìn. Ohun tó bá yẹ ní wíwò nílùú yìí, ẹsẹ̀ á dé ibẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí."

Ó pọn ọmọ rẹ̀, ó wé gèlè pupa kan tí ó rà ní Èkó, a sì kọjú sí òkè Mápó láti Òkè Bọ́lá. Àpáta àti koríko gbígbẹ ni orí òkè náà. Ewúrẹ́ ni a bá níbẹ̀. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ẹni tó bá dúró síbẹ̀ yóò rí odi ìlú yípo. Èmi kò rí odi kankan. Òrùlé ni mo rí, koríko lórí koríko títí dé ibi tí ọyẹ́ ti bo ojú ọ̀run, pẹ̀lú páànù díẹ̀ tó ń kọ mànà láàárín wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ ṣíji bojú, ó wò ó yípo. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó dáa. Òkun tiyín rèé. Ṣùgbọ́n ẹja dà níbẹ̀?"

A sọ̀ kalẹ̀ gba Ọjà'ba, a gba Bẹẹrẹ. Wọ́n ní koríko bẹẹrẹ tí wọ́n fi ń bo ilé ló fún àdúgbò náà lórúkọ. Ó ṣeé gbà gbọ́, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tó lè sọ ẹni tó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀. Ibi tí mo fẹ́ fi parí ìrìn náà ni agbo ilé kan ní Bẹ́yẹrunkà, ilé ológun àtijọ́ kan, tí òpó gbígbẹ́ ṣì dúró nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀: ẹlẹ́ṣin, àti obìnrin tó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Oòrùn ti mú. Ọmọ ti ń ké.

Mo wo ẹnu ọ̀nà kí a tó wọlé. Gbogbo ọmọ ìlú wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, yálà wọ́n mọ̀ pé àwọn ń ṣe é tàbí wọn kò mọ̀. Bí wọ́n bá fi màrìwò há ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ Ọba tó ni ìgbóná ni ilé yẹn wà: àrùn náà wà nínú rẹ̀, èyí tí a kì í pe orúkọ rẹ̀ gan-an. Ìta ni èèyàn ti ń kí wọn, á sì kọjá lọ. Mo wò ó dáadáa. Kò sí màrìwò. Ilẹ̀ iwájú ilé ni ó tutù, bẹ́ẹ̀ òjò kò rọ̀. Mo rò pé wọ́n fi omi pa eruku ni.

Agbo ilé náà dákẹ́. Obìnrin kan, ọ̀dọ́, jáde wá láti yàrá kan, ó kúnlẹ̀, ó bu omi fún wa. Nígbà tí ó rí i pé ọmọ ń ké, ó na ọwọ́.

"Ẹ gbé ọkọ mi fún mi. Ṣé èmi ló ń bínú sí?"

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, ó tú ọ̀já. Obìnrin náà gbé ọmọ mọ́ àyà, ó ń jó fún un, ọmọ náà dákẹ́. Òórùn ewé gbígún wà lára rẹ̀. Èmi ń ṣàlàyé òpó. Láti inú yàrá òkùnkùn ni a ti gbọ́ ohùn ọmọ mìíràn, ó rẹlẹ̀, bí ẹni tí ẹkún ti rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi béèrè pé, "Kí ló ń ṣe é?"

"Inú ni. Ó ti ń sùn." Ó sì dá ọmọ wa padà kíákíá.

Ìta ni a wà, a kò tíì rìn jìnnà, nígbà tí ìyá arúgbó kan tó ń rànwú lẹ́nu ọ̀nà ilé kejì gbé orí sókè.

"Ìyá ọmọ, ṣé inú ilé yẹn lẹ ti jáde?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá. Ẹ kú iṣẹ́."

"Ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ má sún mọ́ mi." Ó wo oòrùn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ilẹ̀ẹ́gbóná ń bẹ níbẹ̀. A dúpẹ́ o. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọba."

Mo ní, "Ìyá, kò sí màrìwò lẹ́nu ọ̀nà."

"Ó wà níbẹ̀ lánàá. Wolé-wolé tó bá rí i á wọlé, á kó ẹní, á kó aṣọ, á dáná sun ún. Wọ́n ṣe é ní ìsàlẹ̀ ibẹ̀ yẹn. Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n já màrìwò náà." Ojú rẹ̀ wá kan orí ẹ̀gbọ́n mi. "Yéè! Àti pupa lórí, lọ́sàn-án gangan! Ṣé ẹ̀ ń pe Ọba tẹ̀ lé ara yín ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi já gèlè náà kúrò lórí. Ó tú ọ̀já, ó fa ọmọ náà jáde, ó nà án síwájú ní gígùn apá méjèèjì bí ohun tó ń jó o lọ́wọ́. Ó wo ojú ọmọ náà. Lẹ́yìn náà ló fà á mọ́ra débi pé ọmọ náà figbe ta.

Ọ̀nà tí a gbà wá ni a gbà padà. Ní àárọ̀, òpó àti òrùlé ni mò ń wò. Nísinsìnyí, ojú èèyàn ni mò ń wò. N kò mọ̀ rí pé àwọn tí ojú wọn ní àpá ìgbóná pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní Ọjà'ba.

Ọmọ náà kò tíì gba bupá, oògùn ìgbóná tí ìjọba ń sín sí apá. Ara rẹ̀ kò yá nígbà tí wọ́n ń bupá fún àwọn ọmọ àdúgbò wọn ní Èkó. Nígbà tí a délé tí a sọ ọ́, ìyá wa ní kí a má kánjú lọ bupá fún un.

"Wọ́n ní ẹni tí wọ́n bá bu apá rẹ̀, wọ́n ti ránṣẹ́ pe Ọba wá sílé nìyẹn."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀, màmá?"

"Gbogbo ayé. Ìwọ, inú ìwé lo ti rí i. Èmi, ilé yìí ni mo ti rí i. Ọmọ tí mo kọ́kọ́ bí, ṣé ìwé ló gbé e lọ?"

Mo gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì wò ní ọjọ́ Ìsinmi náà. Àpá bupá wà ní apá tèmi, ìgbóná kò sì tíì mú mi rí. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò fi ohun púpọ̀ hàn. Ó lè jẹ́ pé n kò tíì pàdé rẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n mi ló pinnu. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ó pọn ọmọ rẹ̀, ó ní kí n mú òun lọ sí Agodi, lọ́dọ̀ àwọn tó ń bupá fún ìjọba.

Nígbà tí a sọ pé ọmọ náà ti fara kan ìgbóná, bàbá tó wà níbẹ̀ di apá rẹ̀ mú. "Níbo ló ti fara kàn án?"

Ẹ̀gbọ́n mi já mi ní èékánná lẹ́yìn.

Mo ní, "Ìgboro ni, bàbá."

"Ìgboro tóbi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

Ó wò mí, ó wo ẹ̀gbọ́n mi, ó sì bu apá náà. "Ó lè ká ìgbóná náà. Ó lè má ká a. Ẹ tètè wá, ìyẹn ni mo lè sọ."

Lójú ọ̀nà ni mo tó bi ẹ̀gbọ́n mi pé kí ló dé tí kò jẹ́ kí n sọ ilé náà. Ó ní, "Wọ́n á fa ẹní yọ lábẹ́ ọmọ yẹn. Ìwọ náà ò gbọ́ ohùn rẹ̀ ni?"

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ohun tó kù ju ká máa wò. Apá ọmọ náà wú, ó yọ egbò bí wọ́n ṣe sọ pé yóò ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ara rẹ̀ gbóná. Ó lè jẹ́ iná bupá. Ó lè jẹ́ èkejì. Ìyá wa gbé omi tútù sẹ́nu ọ̀nà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni súfèé nínú ilé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi pè mí. Ó tẹ orí ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nǹkan pupa kan wà lábẹ́ etí rẹ̀, ó le, ó yọ sókè.

Mo mú àdá, mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo gé ọ̀mùnú ọ̀pẹ, mo ya á. Nígbà tí ìyá wa rí i pé èmi ni mo ń há màrìwò sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó sílẹ̀.

"Tíṣà. Kí ni ìjọ á wí?"

"N kò bọ ohunkóhun, màmá. Kí ẹni tó ń bọ̀ lè mọ̀ ni."

"Bí wolé-wolé bá wá ńkọ́?"

Mo ti rò ó, mo sì há èyí tó kù. Ní gbogbo àkókò tí màrìwò náà fi wà níbẹ̀, mi ò lè jẹun kí n má fetí sí bàtà ẹni tó ń kọjá. Aládùúgbò wa kan tí ó ń mú ẹ̀kọ wá fún wa dúró sí ìta, ó gbé e kalẹ̀ sórí òkúta, ó kí wa láti ibẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo ronú kan obìnrin Bẹ́yẹrunkà náà. Òun náà ti fetí sí bàtà bẹ́ẹ̀, àwa la sì wọlé.

Nǹkan abẹ́ etí náà kò bí èkejì. Ó gbẹ. Ara ọmọ náà rọlẹ̀. Bóyá ẹ̀fọn ló jẹ ẹ́, bóyá bupá ló gbà á sílẹ̀, bóyá ìgbóná kò tilẹ̀ kàn án láti ìbẹ̀rẹ̀, mi ò lè jẹ́rìí sí èyíkéyìí. Ìyá wa ní omi tútù ni. Nípa ọmọ inú yàrá òkùnkùn yẹn, ẹnì kan sọ fún mi pé ó ti ń jáde ṣeré, ẹlòmíràn ní kò rí bẹ́ẹ̀. N kò fi ojú ara mi rí i.

Èyí ni mo rí. Nígbà tí èèpá apá ọmọ náà já, ẹ̀gbọ́n mi ní òun ń lọ bá ọkọ òun. Mo gbé ẹrù rẹ̀ dé ibùdókọ̀ rélùwéè. Kò bú Ìbàdàn lọ́jọ́ náà. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó gbé ọmọ sún mọ́ mi, ó ní, "Fọwọ́ kàn án wò. Ọwọ́ tèmi ti rẹ̀ mí."

Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, mo sì fi síbẹ̀ títí ọkọ̀ fi gbéra. Ó tutù.