Lábò Àbúrò Mi ní Broukro

Bí mo bá rí ẹni tó ń fi ọṣẹ fọ apá dé ìgúnpá, àbúrò mi obìnrin ló ń wá sí mi lọ́kàn. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn kó tó kí èèyàn ní lábò rẹ̀, ibi tó ti ń ṣàyẹ̀wò àìsàn ní àdúgbò Broukro. Ẹ̀rọ ibẹ̀ ń rí kòkòrò àrùn nínú ẹ̀jẹ̀ àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀, bó ti wù kó kéré tó. "Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ ná," ni ó máa ń wí.

Tẹ́lẹ̀, èmi tí mo ń ta oògùn ibà lọ́jà ni gbogbo Ànàgó, àwa Yorùbá tó wà níbí, ń bi léèrè bí ara wọn ò bá yá. Ní báyìí, wọn á ní, "A fẹ́ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ àbúrò yín." Ó ń dùn mí wọ akínyẹmí ara.

Nígbà tí èrò tó ń wá láti ìlú Bodokro pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ṣí lábò kejì síbẹ̀. Ó ní Marabadiassa ló kàn.

Ó wá bá mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi máa gba àwọn aláìsàn ní Bodokro. Ẹ̀yin ni wọ́n fọkàn tán."

"Èmi? Kí n wá máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹ?" Mo kọ̀ jálẹ̀.

Lánàá ni mo rí aládùúgbò wa kan tó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò àbúrò mi, tí àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Òun ló gba iṣẹ́ náà. Mi ò lè jẹun.

Ọkọ mi ní, "Ṣebí ìwọ lo ní o ò ṣe?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ kí ló dé tó fi yá a tó bẹ́ẹ̀ láti rí ẹlòmíràn?"