Mọ́tò Tí Kò Ní Táyà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́bí díẹ̀, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Sátidé tó kọjá. Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti rín tèmi.

Àbúrò mi obìnrin, Ìyá Kúdí, tó ń gbé ní Calumet City, ló pè mí lórí fóònù. Ó ní Kúdí ọmọ òun ń ṣe mọ́tò nínú gáréèjì òun, pé èyí tó kọ́kọ́ ṣe ti bẹ́, ó sì tún fẹ́ lọ dán òmíràn wò. Ó ní kí n bá a lọ, kí n fojú ara mi rí i. Bí mo bá fi lè sọ pé kò dáa, òun máa kó gbogbo irin ẹ̀ dà síta, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Mọ́tò tó bẹ́? Mo rò pé táyà ló bẹ́ ni! Ta ni táyà ò bẹ́ mọ́ lọ́wọ́ rí ní Chicago yìí, pẹ̀lú gbogbo kòtò tí yìnyín ń gbẹ́ sójú títì? Èmi tí mò ń fi ọkọ̀ gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù láti ọjọ́ yìí. Mo mú license mi, mo mú jack, mo tún mú wáyà tí a fi ń jọ́m̀pù bátìrì. Mo múra bí ẹni ń lọ wo ọkọ̀ tuntun.

Kúdí kì í ṣe ọmọdé mọ́ o. Ó ti ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ẹnjiníà, ilé ìyá ẹ̀ ló kàn ṣì ń gbé. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é níbí, ó ní, “Good morning, Uncle.” Mo bi í pé mọ́tò dà. Ó nawọ́ sí búùtù ọkọ̀ ẹ̀. Páìpù irin kan ló wà níbẹ̀, ó gùn tó apá mi.

Mo ní, “Mọ́tò nìyí? Táyà ẹ̀ ńkọ́?”

Ó rẹ́rìn-ín títí. Ìgbà náà ló wá ṣàlàyé pé rọ́kẹ́ẹ̀tì lòun ń ṣe, èyí tó ń fò lọ sókè ọ̀run, ohun tó ń tì í lọ ni wọ́n ń pè ní mọ́tò. Iná ló wà nínú ẹ̀. Iná! Mo wo jack tó wà lọ́wọ́ mi, mo rọra gbé e sílẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé ẹ̀yìn ń ro mí, ṣùgbọ́n ẹnu ti gbà pé màá lọ.

A wa ọkọ̀ lọ sí apá gúúsù títí tí kò fi sí ilé mọ́, àfi oko àgbàdo tí wọ́n ti kórè. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì ti wà níbẹ̀, òyìnbó ló pọ̀ jù nínú wọn. Olórí wọn, bàbá arúgbó onírùngbọ̀n funfun kan, yẹ gbogbo nǹkan wò. Wọ́n de mọ́tò náà mọ́ irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, kó má baà fò lọ. Wọ́n kàn fẹ́ mọ bí agbára ẹ̀ ṣe tó, àti bóyá irin ẹ̀ á gbà á láìbẹ́. Lẹ́yìn náà gbogbo wa rìn lọ jìnnà. Wọ́n ní ibẹ̀ tó. Èmi tún fi díẹ̀ kún tèmi.

Kúdí sún mọ́ mi. Ó ní tí eléyìí náà bá bẹ́, Mọ́mì ò ní gbà mọ́ láéláé. Ó wá ní, “Uncle, ẹ ṣàdúrà fún mi.”

Ta ló ń kọ́ ojo ní àdúrà? Mo tẹ́wọ́. Mo ní, “Ọlọ́run, má jẹ̀ẹ́ kí iná jó lónìí o. Iná ò ní ràn lọ́wọ́ wa. Bó bá fẹ́ jó, kó kú.” Kúdí ṣe àmín. Àwọn òyìnbó gbọ́ àmín, àwọn náà ṣe àmín.

Wọ́n ka nọ́ńbà sẹ́yìn dé oókan. Kúdí tẹ bọ́tìnnì.

Kẹ́kẹ́ pa. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ pàtẹ́wọ́. Ìgbà wo ni àdúrà mi ti yá tó báyìí rí?

Kúdí rọra yíjú sí mi. “Uncle, kí lẹ ní kí Ọlọ́run ṣe?”

“Pé kí iná má jó.”

“Uncle. Iná la wá dá.”

Ó ní òun ò tiẹ̀ fetí sí i, àmín ló ti mọ́ òun lẹ́nu. Ojú tì mí. Ṣùgbọ́n ẹ gbà mí o, ta ló kọ́ wa ní àdúrà míì fún iná? Láti kékeré, kó má jó ṣáá ni.

Mo ní jẹ́ kí n sáré lọ wo ohun tó ṣe é. Kúdí na ọwọ́ dí mi lọ́nà. Ó ní èyí tó kọ̀ tí ò jó, wọn kì í sún mọ́ ọn, ńṣe ni wọ́n máa ń dúró kó pẹ́ dáadáa. A dúró títí ẹsẹ̀ mi fi kú. Nígbà tó yá ni bàbá onírùngbọ̀n gbà kí òun àti Kúdí lọ. Wáyà tó ń gbé iná wọlé ló yọ. Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀, wọ́n padà wá. Kúdí ní wáyà ni, kì í ṣe àdúrà. N kò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n mo tún tẹ́wọ́, tìṣọ́ratìṣọ́ra: “Ọlọ́run, jẹ́ kó jó. Kó jó síbi tí wọ́n ní kó jó sí, kó má yà síbòmíì.” Lọ́tẹ̀ yìí, Kúdí gbọ́ ọ délẹ̀ kó tó ṣe àmín.

Ó tẹ bọ́tìnnì. Háà! Iná dìde gbọnrangandan, ó ń bú ramúramù, ilẹ̀ ń mì. Kí n tó mọ̀, mo ti wà ní ìdọ̀bálẹ̀, àyà mi kan ilẹ̀, níwájú bàbá onírùngbọ̀n gan-an. Kúdí ti sọ fún bàbá yìí rí bí a ṣe ń kí àgbà, ó rò pé òun ni mò ń kí. Ó tẹrí ba fún mi, ó ní kí n má ṣe wàhálà. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n pè é ní ìkíni sàn fún mi.

Iná náà kú fúnra ẹ̀. Nígbà tó tutù, Kúdí yọ irin náà, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Kò là, kò wú. Ó jókòó sórí koríko, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

A ò tíì kúrò lóko tí ìyá ẹ̀ fi pè mí. Kò kí mi dáadáa. Ó ní, “Bọ̀dá, ẹ sòótọ́ fún mi. Ṣé ó léwu?”

Kúdí ń wo ẹnu mi. Mo ní, “Ó léwu. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rù ẹ̀. Ẹ̀rù tèmi ní kí n sáré lọ síbẹ̀. Ẹ̀rù tiẹ̀ ní ká dúró.”

Àbúrò mi ní kò burú, gáréèjì lòun gbà o, kó má gbé irin kankan wọ kíṣìnì òun. Kúdí mí kanlẹ̀. Bí òtútù bá lọ, rọ́kẹ́ẹ̀tì náà máa fò.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ẹ̀rù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kó ṣáà ní làákàyè. Àwọn ọmọ wa tó dàgbà síbí ń ṣe ohun tí orúkọ ẹ̀ gan-an ò yé wa. Ká tó ní kí wọ́n dà á nù, ẹ jẹ́ ká bá wọn lọ wò ó. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lọmọ yín ti fà yín lọ wò, tí àyà yín já, tẹ́ ẹ wá padà di agbẹnusọ ẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, màá kà á nígbà break mi.