Lẹ́tà Gáàsì Tí Len Hudak Ní Kí Á Sọ Nù

Ní ìlú wa ní Ohio, kálukú ló ń yan ilé iṣẹ́ tí yóò ta iná àti gáàsì tí a fi ń mú ilé gbóná fún un. Páìpù kan náà ni, wáyà kan náà ni, ẹni tó ń gbowó ló ń yàtọ̀. Len Hudak, tó fi ọgbọ̀n ọdún jó páìpù pọ̀ kó tó fẹ̀yìn tì, gbà pé kò sẹ́ni tó mọ ọjà yìí tó òun. Bí wọ́n bá ń ta ìmọ̀ràn ni, Len ì bá ti lówó ju gbogbo wa lọ.

Ọkùnrin dáadáa ni o. Bí yìnyín bá dí ẹnu ọ̀nà rẹ, òun ni yóò kọ́kọ́ gbé ṣọ́bìrì dé. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

Ní oṣù kẹsàn-án, ìgbìmọ̀ ìlú kọ lẹ́tà sí gbogbo wa. Wọ́n ní àwọn ti ná gáàsì lórúkọ gbogbo ìlú, iye kan náà la ó máa san fún ọdún méjì. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó dá káàdì tó wà nínú lẹ́tà padà. Inú bí Len. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, nísàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì níbi tí a ti ń fi ọ̀dùnkún sínú ìyẹ̀fun pípò, tí a ń ṣe pierogi fún títà, ó lu tábìlì gbàgà.

"Ìgbìmọ̀ tí ò lè dí kòtò ojú títì ló fẹ́ bá mi ra gáàsì? Ó tì o! Ẹ dá káàdì yín padà. Mo ti rí ilé iṣẹ́ tí owó rẹ̀ pọ́ọ́kú ju tiwọn lọ."

Mo bi í pé, "Títí dìgbà wo ni iye yẹn fi máa dúró, Len?"

"Títí di Kérésì. Lẹ́yìn ìyẹn, owó á máa bá ọjà lọ sókè sódò, ṣùgbọ́n màá ti wá òmíràn fún yín. Lẹ́tà gáàsì yòówù kó dé, ẹ sọ ọ́ nù. Oníjìbìtì ni gbogbo wọn."

Èèyàn mẹ́fà tẹ̀ lé e. Èmi ò dá káàdì kankan padà. Kì í ṣe pé mo gbọ́n, ọ̀lẹ ló ṣe mí. Nínú àwọn mẹ́fà, márùn-ún ní ọmọ tó ń bá wọn tú lẹ́tà. Verna Kolesar, opó ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin, kò ní ẹnì kankan.

Nígbà tí àwẹ̀ Lẹ́ńtì dé, a ṣàkíyèsí pé Verna ló ń kọ́kọ́ dé, òun ló sì ń kẹ́yìn lọ. Ẹ̀gbẹ́ ìkòkò ńlá tó ń hó ni kì í kúrò.

Len ní, "Màmá Verna, ṣé ẹ ti fẹ́ ìkòkò yìí ni?"

"Ó kúkú gbóná ju olóògbé ọkọ mi lọ," ni Verna dá a lóhùn. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ṣì ń dùn mí.

Lọ́jọ́ náà, yìnyín pọ̀, Len fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé e lọ sílé, èmi sì bá wọn gbé ẹrù. Bí a ṣe wọlé, inú ilé tutù bí ìta. Verna ti fi bùláńkẹ́ẹ̀tì dí ẹnu ọ̀nà yàrá méjì. Kò bọ́ kóòtù rẹ̀.

"Ẹ̀rọ tó ń mú ilé yín gbóná ti bàjẹ́," ni Len wí, ó ti ń wá tọ́ọ̀ṣì.

"Kò bàjẹ́. Èmi ni mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Láti oṣù kìíní ni owó gáàsì ti di ìlọ́po mẹ́ta."

"Ṣé wọn ò kọ̀wé sí yín ni?"

"Lẹ́ẹ̀mejì. Mo sọ wọ́n nù, bí o ṣe wí."

Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú ló fata sẹ́nu yìí o. Len gbé tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ojú ló ń tì mí, Len. Àwọn yòókù ò pariwo. Mo ní bóyá èmi ni ò yé, bóyá ogbó ti dé."

Len lè sọ pé ilé iṣẹ́ ló fà á, Verna ì bá sì gbà. Ṣùgbọ́n Len bọ́ fìlà rẹ̀.

"Kì í ṣe yín, Màmá. Mo tú lẹ́tà tèmi. Mo yí ilé iṣẹ́ tèmi padà kí Kérésì tó dé. Mo gbàgbé tiyín."

Òótọ́ ni. Ó tilẹ̀ fi iye tuntun tó rí yangàn fún wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò nígbà náà. Mo gbọ́, n kò sì béèrè pé ti Verna ńkọ́.

Verna ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú ìwé gáàsì àti bírò jáde, ó gbé wọn ka iwájú rẹ̀.

"Jókòó. Yan òmíràn fún mi. Ta ni mo tún ní?"

Ká ní ó gbá a létí ni, ì bá sàn. Len jókòó, kò lè mú bírò. Èmi tí ilé mi gbóná ní gbogbo ìgbà yẹn dúró ti ilẹ̀kùn, n kò mọ ibi tí n ó wò.